Mo Ka "O Ti Mo" Bí Ó Ṣe Wù Mí

Bàbá apẹja kan ní Kpogan lóyún. Ẹ̀rọ tí a gbé fún ilé ìwòsàn tó ń lọ ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì wà nídìí ohun tí ẹ̀rọ náà sọ.

Ẹ rẹ́rìn-ín o. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyókù.

Ìsìlámíyátù ni wọ́n ń pè mí. Bàbá mi wá tajà ní Lomé láti Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò Hanoukopé níbẹ̀ ló sì bí wa sí. Mo mọ kọ̀ǹpútà, mo sì lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ló gbà mí síṣẹ́ lọ́dọ̀ Constant, ọ̀gá wa tí gbogbo wa ń pè ní Patron. Ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ń kó àwòrán àwọn aláìsàn pamọ́ sí là ń ṣe níbẹ̀.

Àwa méjì là ń kọ ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kọ̀ǹpútà àti díìsìkì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Odile ni ìkejì mi.

Ọmọ Atakpamé ni Odile. Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Bíi Yorùbá tiwa náà ni, àmọ́ ó ní bó ṣe ń lọ lẹ́nu wọn, èmi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Odile, kí lo sọ yẹn? Jọ̀ọ́, tún un sọ, mi ò tíì rẹ́rìn-ín tó." Nígbà tó yá, kò sọ tilé wọn sí mi mọ́. Bó bá fẹ́ kọ nǹkan sí mi lórí fóònù, Yorùbá tiwa ló máa ń wá kiri, á sì kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́. Èmi a ní ó ń gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fi gírámà bò ó.

Bí dókítà bá ní òun fẹ́ wo àwòrán aláìsàn kan, ẹ̀rọ á mú nǹkan kan tí àwa ń pè ní abọ́. Á kọ ohun tí dókítà béèrè sí i: àwòrán ta ni, ibo ló wà nínú díìsìkì, ta ni kí wọ́n gbé e fún. Abọ́ á lọ, á gbé àwòrán bọ̀, dókítà á wò ó, abọ́ á padà sórí òkìtì kí ẹlòmíràn tún lò ó. Kò sẹ́ni tó ń ra abọ́ tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta ayimolou lẹ́bàá ọ̀nà, ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn yẹn, abọ́ kan náà ni gbogbo àdúgbò fi ń jẹun láàárọ̀. Ohun tó jẹ́ ká lè jẹ ẹ́ ni pé wọ́n ń fọ̀ ọ́.

Èmi ni mo kọ ibi tí abọ́ ti ń jáde. Odile ló kọ ibi tí abọ́ ń padà sí. Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní abọ́, mo máa ń fọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé mo máa ń pa gbogbo ohun tí ẹni ìṣáájú fi sínú rẹ̀ rẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ní máa ka èyí.

Ilé ìwòsàn kan ní Baguida ló ń wá ẹ̀rọ. Àwa àti àwọn kan là ń du iṣẹ́ náà. Dókítà tó ni ibẹ̀, Madame Danielle, sọ pé òun máa wá fojú ara òun wo èyí tó bá yá jù.

Ní Ọjọ́rú kan, Patron wá dúró sẹ́yìn àga mi. "Ìsìlá, ó ń falẹ̀."

"Kò falẹ̀. Ó ń fara balẹ̀ ni."

"Tàwọn tọ̀hún kì í fara balẹ̀. Wá nǹkan ṣe sí i."

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kó falẹ̀. Abọ́ tèmi tóbi, fífọ̀ ń gbà á lákòókò. Bí mo bá yọ fífọ̀ kúrò, àwòrán á máa já lu ojú dókítà kó tó ṣẹ́jú. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni pé láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn kan náà, Odile ti wá bá mi.

"Mo rí nǹkan kan o," ó ní. "Apá tèmi kì í fọ abọ́ tó bá padà. Ṣe ló kàn ń jù ú padà sórí òkìtì pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀."

"Èmi ni patron ni? Lọ sọ fún patron."

Ó lọ. Ní ọ̀sán, ojú ń kán mi, mo kọ̀wé sí i lórí fóònù: "Abo to n pada nko?"

Ó dá mi lóhùn: "O ti mo. A o soro lola."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti rí i báyìí. Ó lè jẹ́ "ó ti mọ́": ìdọ̀tí ti kúrò, kò sí wàhálà. Ó sì lè jẹ́ "ó ti mọ̀": Patron ti gbọ́ sí i. Lórí fóònù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mi ò ní parọ́ fún yín, èyí tí mo pa tẹ́lẹ̀ ti tó. Mo kà á lọ́nà méjèèjì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí láàárọ̀ kì í parí lọ́sàn-án. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kì í ní "a ó sọ̀rọ̀ lọ́la". Yàrá kejì ni Odile jókòó sí. Kí n ṣáà ké sí i pé "Odile, èwo nínú méjèèjì?" ni. Mi ò ké sí i. Bí mo bá béèrè, ó lè dáhùn.

Mo mú "ó ti mọ́". Mo yọ fífọ̀ tèmi kúrò, mo lọ jẹun.

Ọ̀la tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ kò wáyé. Wọ́n pe Odile láti Atakpamé pé ara ìyá rẹ̀ àgbà ò yá, ó sì lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Madame Danielle wá. Ó tẹ orúkọ kan, àwòrán yọ. Ó tẹ òmíràn, ó yọ. "Ah bon!" ló ń wí tìyanutìyanu. Patron ń wò mí bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo àkọ́bí rẹ̀. Mo gbà pé ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ìgbà tí Odile fi dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ti wà ní Baguida láti ọjọ́ Ajé. Ó yọjú sí mi. "Fífọ̀ tìrẹ ṣì wà níbẹ̀, àbí?"

"Kí ni ìwọ rò?"

Ó rò pé ó wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tún apá tirẹ̀ ṣe ní sùúrù, torí kò sí ohun tó ń lé e.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá apẹja lóyún. Òkúta inú kíndìnrín ni wọ́n fẹ́ wò. Dókítà tẹ orúkọ rẹ̀, ó rí ọmọ, orí, ọwọ́, ẹsẹ̀, orúkọ bàbá sì wà lókè gàdàgbà, torí inú fáìlì aláìsàn ni ẹ̀rọ ti ń mú orúkọ. Wọ́n ní ìyàwó bàbá béèrè pé ta ló fún un lóyún. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ kí n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ kí n tó rí i. Abọ́ tí ẹ̀rọ mú fún bàbá, aboyún kan ló lò ó kẹ́yìn, àwòrán ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́. Iná ṣẹ́jú ní Baguida, díìsìkì ò rí ti bàbá gbé wá. Ó yẹ kí abọ́ padà lófìfo, kí dókítà rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kó tún béèrè. Kò padà lófìfo. Ọmọ ọlọ́mọ ló gbé bọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Iná kì í ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Baguida. Àwòrán èyíkéyìí tí wọ́n ti wò láti ọjọ́ Ajé lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn tí ti wọn ò mú ẹ̀rín wá, ta ló máa mọ̀?

Patron wọlé. "Kí ló fà á?"

Ẹnu mi yá ju èmi gan-an lọ. "Ibi tí abọ́ ń padà sí ni. Iṣẹ́ Odile."

Ó lu tábìlì. "Ó sọ ọ́ fún mi! Ó ní òun máa tún un ṣe!" Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ohun tó dára nínú irọ́ tó ní òtítọ́ díẹ̀ nínú nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń tú ìyókù rẹ̀ wò. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bí mo ṣe wí, kí Odile máa wá ibòmíràn lọ. Mo ní kó má bínú jù. Ẹ wò mí o, mo tún ń bá a bẹ̀bẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo wa lọ sí Baguida: Patron, Odile àti èmi. Nínú ọkọ̀, Odile kọjú síta. Èmi ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́lé sí etíkun.

Madame Danielle kò fi wá ṣeré. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé àwòrán kan ṣoṣo ló ṣìnà?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni," mo ní.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Madame."

Odile gbójú sókè. "Báwo ló ṣe máa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo? Bí fífọ̀ tìrẹ bá wà níbẹ̀, kò yẹ kó tó ọ̀kan. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ta ló mọ iye tó jẹ́?"

Ara mi gbóná. "Ìwọ lo sọ fún mi pé tìrẹ ti mọ́! Kí ni a ń fọ abọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún?" Mo yọ fóònù, mo wá ọ̀rọ̀ náà jáde, mo gbé e síwájú dókítà. "Ẹ wò ó, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́."

"Kí ló kọ síbẹ̀? Èmi ò gbọ́ èdè yín."

Mo túmọ̀ "ó ti mọ́" sí Faransé fún un. "C'est propre."

Odile ṣí ẹnu, kò tíì sọ nǹkan tí dókítà fi mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni, bó bá jẹ́ ọ̀kan. Ẹ ti já mi láyà. Mo ní obìnrin kan tí mo fẹ́ fọ inú rẹ̀ lọ́la. Àwọn èèyàn yín ni, Àyìnkẹ́, ọkọ rẹ̀ Láwàl ń ta aṣọ lọ́jà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọmọ. Mo wo àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú rẹ̀ ṣófo, ọmọ ti lọ. Obìnrin náà ní òun ṣì ń bì láràárọ̀. Mo ní ara kì í tètè gbọ́. Mo ti fún un lóògùn tó máa lò lálẹ́ òní, kí ilé ọmọ lè là."

Mo gbé omi, mo gbé e sílẹ̀ padà láìmu.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fẹ́ sọ fún yín pé ibẹ̀ ni mo ti sọ òtítọ́. Mi ò sọ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì dákẹ́. Mò ń rò ó pé bóyá ti obìnrin náà ni àwòrán yẹn lóòótọ́. Ó lè jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ni mò ń fi "ó lè jẹ́" ṣírò.

Patron ló ń wo fóònù mi. "Ọjọ́ wo lo gba èyí?"

"Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ọ̀sán ni wọ́n kọ síbí." Ó fi ìka kan án. "Ọ̀sán Ọjọ́rú, Odile ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì mi ni. Ó ní tòun dọ̀tí. Mo ní kò burú, ṣebí fífọ̀ Ìsìlá wà níwájú, kó tún tirẹ̀ ṣe nígbà tó bá ráyè. Báwo ló ṣe máa jáde lọ́dọ̀ mi, kó tún kọ̀wé sí ọ pé ó ti mọ́?"

Afẹ́fẹ́ òkun ń ti fèrèsé.

Odile mú fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á, ó mi orí. "Patron, ẹ̀yin ni mo kọ síbẹ̀. Mo ní ẹ ti mọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ni?" Patron bi í.

"Béèyàn bá kọ ọ́ báyìí, ọ̀kan náà ni. Béèyàn bá pè é, kì í ṣe ọ̀kan náà." Ó gbé fóònù síwájú mi. Ifẹ̀ ilé wọn ló fi bá mi sọ̀rọ̀, mi ò rántí ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní kí n kà á sókè.

Ẹ rò ó wò. Ẹni méjì ló wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá pè é ní "mọ́", ọ̀rọ̀ èmi àti Odile ló kù, ẹnu mi sì dùn ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò ṣeé kà láìpè é. Lórí fóònù, èèyàn lè wà láàárín méjèèjì bó ṣe wù ú. Lẹ́nu, dandan ni kó mú ọ̀kan.

Mo ronú kan obìnrin tó ń bì láràárọ̀, tí wọ́n ní ara rẹ̀ ò tíì gbọ́.

"Ó ti mọ̀," mo ní.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" dókítà bi mí.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Patron mọ̀. Odile ò sọ pé ó ti mọ́. Èmi ni mo yọ fífọ̀ kúrò, ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ẹ má gba àwòrán kankan gbọ́ láti ọjọ́ Ajé, Madame. Ẹ má gba ti obìnrin yẹn gbọ́."

Àga rẹ̀ ṣubú nígbà tó dìde. Ó pe Àyìnkẹ́, fóònù ò wọlé. Ó pe Láwàl, Láwàl ò gbé e. Ó di ọwọ́ aṣọ mi mú. "Ìwọ ń bá mi lọ. Èdè yín ni. Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un."

Kí n tó sọ bí a ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n parí ti èmi àti Odile. Òun ló kù níbi iṣẹ́ náà lónìí, èmi ni mo kúrò. Ó dá fífọ̀ padà síwájú, ó fi òmíràn sẹ́yìn, ẹ̀rọ sì ń falẹ̀, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Bí mo bá kí i lórí fóònù, "Bonjour, ça va" ló ń dá mi lóhùn, Faransé ní gbogbo ìgbà. Mi ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, àtisọ̀rọ̀ sí mi gan-an ló ti sú u. Ó dùn mí, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fà á.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé ilé Àyìnkẹ́ ní Kpogan. Orí ẹní ìkírun ló wà. Dókítà fẹ́ já wọlé, mo dì í mú, nítorí mo rí páálí oògùn lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife omi. Wọn ò tíì ṣí i. A dúró síbẹ̀ títí ó fi sálámà, tí ìrun rẹ̀ parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oògùn yẹn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Rídúwánù tó ń ta ìṣó ní Hanoukopé."

"Bàbá rẹ wà níbi ìgbéyàwó wa." Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò mẹ́nu kan abọ́, mi ò mẹ́nu kan Odile. Mo ní àwòrán tí dókítà wò lè má jẹ́ tirẹ̀, pé èmi ni mo ṣe é, pé mo mọ̀ láti àná.

"Láti àná?"

"Láti àná, mà."

"Mo ti sunkún tán lánàá." Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi í ti ògiri. "Ọmọ mi wà láàyè?"

"A ò tíì lè sọ, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kò jẹ́ kí nǹkan kan gba ẹ̀rọ wa kọjá. Ó fi irin écho, tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú, lé e níkùn, ó ń wo ojú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láwàl ti dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì aṣọ léjìká, kò rántí gbé e sọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ, ó ń yára lù, gbìgbìgbì. "Ó wà," dókítà ní. "Ọkàn rẹ̀ nìyẹn." Omi bọ́ lójú dókítà. Láwàl jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, "Alhamdulilahi" ló ń pè, kò sì lè dá a dúró.

Àyìnkẹ́ nìkan ni kò wo ẹ̀rọ. Ògiri ló kọjú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," mo ní. "Ó ń mira."

"Ẹ pa á."

"Mà?"

"Mo ní kí ẹ pa á. Ẹ fi àwòrán sọ fún mi pé kò sí, mo gbà. Ẹ tún ń fi àwòrán sọ fún mi pé ó wà." Ó fi ìró bo ikùn rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo bá gbé e lọ́wọ́ ni màá tó gbà pé mo bímọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀, dókítà pa ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá Àyìnkẹ́ wọ bàtà rẹ̀. Ó rọra yọ ẹsẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.